Ìbọ̀wọ́ Tó Ń Jẹ Ọwọ́

Ike iyọ̀ ni Christianah Ògúnsanwó kò lè ṣí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún yí i, kò yí. Ó fi ọwọ́ òsì yí i, kò yí. Ó fi etí ìró wé ìdérí rẹ̀, ó wa eyín pọ̀, ó tún un yí, ni awọ ẹ̀yìn ìka rẹ̀ bá là pẹ̀rẹ́ bí ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí ọ̀dá mú. Ẹ̀jẹ̀ sun jáde lójú ibi mẹ́ta. Kò ké. Ó ti ké ìyẹn tì. Ó gbé ike náà kalẹ̀, ó sì pe ọmọ rẹ̀.

"Tósìn, wá bá mi ṣí iyọ̀ yìí."

Olúwatósìn jáde láti yàrá pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, àkọ́bí, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ó ń wá iṣẹ́. Ó ṣí ike náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó sì gbé ojú kúrò níbẹ̀ kíá.

Ọwọ́ náà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń wò pẹ́. Láti orí ìka dé ọrùn ọwọ́, ó pọ́n, ó wú, ó ń bó bí èèpo àlùbọ́sà. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni Christianah, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbarà, ìbọ̀wọ́ funfun tí wọ́n ń kó fún wọn níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi oje igi rọ́bà ṣe, tí ìyẹ̀fun sì kún inú rẹ̀, ló ń jẹ ọwọ́ náà. Ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ búlúù wà tí kò ní oje rọ́bà nínú. Ilé ìwòsàn kò ra ìyẹn.

Ọkọ rẹ̀, Ọládọ̀tun, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń so okùn bàtà. Akọ̀wé ni ní ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó, bí aago márùn-ún ààbọ̀ bá lù tí kò tíì dé ibùdókọ̀ Kútọ̀, bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ á ti lọ.

"Bàbá Tósìn," ni Christianah wí, "ìbọ̀wọ́ búlúù mi ti tán. Bí ẹ bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ bá mi ra páálí kan."

Ọládọ̀tun kò gbé orí sókè. "Èmi ni mo ni ilé ìwòsàn ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo rà á lóṣù tó kọjá. Mo rà á lóṣù tó ṣáájú ìyẹn. Ẹni tó gbani síṣẹ́ ló ń fúnni ní ohun èlò. Ṣé ọlọ́pàá a máa ra ìbọn ara rẹ̀ ni?"

Òótọ́ ló sọ. Christianah mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a kì í wọ òótọ́ sọ́wọ́ gbẹ̀bí.

"Kí ni n ó wá lò lónìí?"

"Sọ fún wọn! Ẹnu rẹ kò ha wà níbẹ̀? Nílé yìí nìkan ni o ti mọ ọ̀rọ̀ sọ." Ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì jáde. Lẹ́yìn tó ti rìn dé géètì ló rántí pé òun kò kí ìyá òun, ó padà, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó tún jáde. Kò wo ìyàwó rẹ̀ ní àlọ, kò wò ó ní àbọ̀.

Ìyá Ọyatọ́lá ni ìyá rẹ̀. Láti abúlé wọn lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá ló ti wá ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe ro láfún láàárọ̀ kùtù, nítorí pé lójú tirẹ̀, ẹni tó bá fi búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kò tíì jẹun. Christianah fi omorogùn ro ó títí tó fi jinná, ó bu ọbẹ̀ ilá sí i, ẹja panla méjì wà lórí rẹ̀. Ó gbé e síwájú ìyá, ó kúnlẹ̀.

Ìyá wo oúnjẹ náà. Ó wo ọwọ́ tó gbé e wá.

"Ta ló ro láfún yìí?"

"Èmi ni, Ìyá."

Ìyá Ọyatọ́lá fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti abọ́ náà síwájú díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ráyè na ẹsẹ̀. "Ebi ò tíì pa mí. Bí Tósìn bá jáde, kó bá mi ra ẹ̀kọ méjì, kó má tú ewé rẹ̀."

Christianah dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó gbé abọ́ náà padà sí ilé ìdáná, ó fi àwo dé e. Ó ti gbẹ̀bí ọmọ tí òǹkà rẹ̀ kò sí lọ́kàn rẹ̀ mọ́. 

Ìdí kànga ló gbà jáde kó lè bu omi ìwẹ̀ tirẹ̀. Ayálégbé mẹ́rin ló ń fa kànga náà. Àfúsá aránṣọ, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ti wà níbẹ̀, òun àti obìnrin méjì tó ń gbé lẹ́yìn ilé. Bí Christianah ti na ọwọ́ sí okùn, Àfúsá yára já a gbà.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín fà á, Nọ́ọ̀sì. Ẹ sinmi."

"Mo lè fà á, Àfúsá."

"Ẹ jẹ́ẹ́, jàre. Kí ni a wà fún?" Ó fa omi náà, ó dà á sínú korobá Christianah láti òkè, kí fàmífàmí má bàa kan etí korobá náà. Ẹni tí kò bá fi ojú sílẹ̀ á pè é ní àánú.

"Ẹ ṣé o," ni Christianah wí. Ó gbé omi rẹ̀. Kò tíì dé ìdí balùwẹ̀ tí ohùn fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ògiri.

"Wọ́n ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ a máa ràn."

"Ọwọ́ tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tọ̀sán tòru, ta ló mọ ohun tó lọ fọwọ́ kàn?"

"Ní abúlé wa, bí a bá ti rí i báyìí, ẹ̀yìn odi ni wọ́n ń kọ́ ahéré fún un."

"Ẹ pa ohùn mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí gìrì gbé ọmọ mi, ilẹ̀kùn ta ni mo gbá?" Àfúsá ló sọ ìyẹn. Ó ju fàmífàmí padà sínú kànga. Lẹ́yìn náà ló tún wí pé, "Ṣùgbọ́n okùn yìí, a ó pààrọ̀ rẹ̀."

Christianah wẹ̀. Omi náà ta á lọ́wọ́ bí ata.

Nígbà tó dé ibi iṣẹ́, páálí ìbọ̀wọ́ tuntun mẹ́fà ló bá lórí ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yàrá ìgbẹ̀bí, funfun ni gbogbo wọn. Tóyìn, nọ́ọ̀sì ọmọdébìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ òwúrọ̀, ń tú ọ̀kan nínú wọn. Ìyẹ̀fun rẹ̀ fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Christianah sín ní ẹ̀ẹ̀mẹrin léra wọn.

Ó lọ bá Mátírọ̀nù Ṣàngówùmí ní ọ́fíìsì rẹ̀. Obìnrin àgbà ni, ó ti lo ọgbọ̀n ọdún ó lé nínú aṣọ funfun, ó sì fẹ́ràn kí ènìyàn máa sọ̀rọ̀ kúkúrú.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ọwọ́ mi ni mà. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi bá Dókítà sọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ búlúù. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ páálí kan péré lóṣù."

"Christy, a ti sọ ọ̀rọ̀ yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìbọ̀wọ́ kan náà ni gbogbo wa ń wọ̀. Èmi wọ̀ ọ́ lánàá. Tóyìn ń wọ̀ ọ́. Ṣé ọwọ́ tìrẹ nìkan ni wọ́n fi òwú ṣe ni? Lọ fi òrí pa á, kó o má lo ọṣẹ tó le." Mátírọ̀nù fi kálàmù kọ nǹkan kan sínú ìwé. "Bí o kò bá lè wọ̀ ọ́, sọ fún mi kí n mọ̀ pé mo dín ní nọ́ọ̀sì kan."

Christianah yí padà sí ẹnu ọ̀nà. Bí ẹnì kan bá ti sọ tinú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta tí wọn kò gbọ́, ẹ̀ẹ̀kẹrin kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́, ariwo ni wọ́n ń pè é.

Ó tó nǹkan bí aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ kan já géètì wọlé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Àlímátù, láti Ìtòkò, oyún kẹta, omi rẹ̀ ti já lójú ọ̀nà. Wọ́n gbé e dé orí bẹ́ẹ̀dì, orí ọmọ ti ń yọ. Tóyìn wà lókè lọ́dọ̀ aláìsàn kan tí wọ́n ń fún lẹ́jẹ̀. Dókítà wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Christianah wo páálí funfun. Ó wo Àlímátù.

"Ẹ gbà mí, Nọ́ọ̀sì! Ó ń bọ̀!"

Ó fa méjì yọ, ó wọ̀ wọ́n.

Ìyókù kò pẹ́. "Má tì í ná. Mí sínú. Ó yá, tì í. Ó káre, ìyàwó. Ó ku díẹ̀." Ọmọ náà bọ́ sí i lọ́wọ́, obìnrin ni, ó ké lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gé ìwọ́, ó nù ún, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà. Àsìkò náà ló kíyè sí i pé ètè òun ti wúwo. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan ń gùn ún lápá bọ̀ bí ìjàlọ. Ó wo apá, ìléròrò ti yọ dé ìgúnpá. Ó fẹ́ pe Tóyìn. Ohùn tó jáde lọ́fun rẹ̀ kò ju súfèé lọ.

Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ó má bàa ṣubú lu bẹ́ẹ̀dì ẹni ẹlẹ́ni. Àlímátù tó gbé ọmọ láyà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. "Ẹ wá o! Nọ́ọ̀sì ń kú lọ o!"

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ nítan. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Nígbà tó la ojú dáadáa, orí bẹ́ẹ̀dì kejì nínú yàrá ìgbẹ̀bí kan náà ló wà, fáànù ń yí lókè, dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà sì dúró lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ara yín kọ rọ́bà," ni dókítà wí. Ohùn rẹ̀ kò le. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ awọ nìkan mọ́. Bí ẹ bá tún wọ̀ ọ́, ó lè dí yín lọ́nà ọ̀fun pátápátá. Ẹ̀mí ni."

"Búlúù ńkọ́, sà?"

"Ó wọ́n. Òṣìṣẹ́ mọ́kàndínlógún la ní. Mi ò lè torí ẹnì kan yí gbogbo rẹ̀ padà."

"Ti èmi nìkan, sà."

"Ìyẹ̀fun àwọn yòókù náà wà nínú afẹ́fẹ́. N kò lè fi ẹ̀mí yín wewu." Ó yí padà sí ẹnu ọ̀nà. "Mátírọ̀nù á fún yín ní ìwé."

Ìwé náà ti wà ní títẹ̀ kí ó tó bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n gbà á síṣẹ́, kò jẹ́wọ́ pé òun ní àìlera kankan; nítorí náà, iṣẹ́ parí láti òní lọ, ilé ìwòsàn kò sì ní í san nǹkan kan lórí àìlera náà. Wọ́n ní kó bu ọwọ́ lù ú. Ìka rẹ̀ kò lè tẹ̀ mọ́ kálàmù dáadáa. Tóyìn bá a di ìwé náà mú kó má yọ̀. Omi lé ròrò lójú Tóyìn. Ojú Christianah gbẹ.

Mátírọ̀nù sìn ín dé géètì. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀ níbẹ̀.

"Christy, má bínú. Iṣẹ́ ni. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún ni ọwọ́ fi ń mọ́. Tósìn rẹ ti parí ilé ẹ̀kọ́, àbí? Mo ti bá Dókítà sọ ọ́. Kó wá lọ́la, kó wá bẹ̀rẹ̀ ní àyè rẹ. Ilé rẹ náà ni iṣẹ́ á ṣì wà."

"Ẹ ṣeun, mà," ni Christianah wí.  Ó wọ kẹ̀kẹ́ ní Ìbarà, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Panṣẹ́kẹ́, ó wọ òmíràn lọ sílé wọn ní Adigbe. Ètè rẹ̀ ṣì wú. Obìnrin tó jókòó tì í ká ẹsẹ̀ ìró rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Nígbà tó délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé: bí ọ̀fun ṣe dí, bí wọ́n ṣe gún un lábẹ́rẹ́, ìwé, àti ohun tí Mátírọ̀nù sọ ní géètì. Tósìn sunkún lórí ti àkọ́kọ́. Nígbà tó gbọ́ ti ìkẹyìn, ẹkún náà dúró. Ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Kí irọ̀lẹ́ tó lẹ́, Ọládọ̀tun ti pe Mátírọ̀nù láti Èkó, ó ti dúpẹ́, ó sì ti ní ọmọ ń bọ̀ láàárọ̀.

Ọ̀rọ̀ kò ní ẹsẹ̀, ó sì dé yàrá Àfúsá. Ó wọlé pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Ẹ kú oríire o! Ẹ ò rí i bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe é? Kò gbàgbé yín. Tósìn, dìde dúró kí n wọn aṣọ funfun rẹ. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ." Ó yí téèpù náà ká àyà ọmọ, ó ń ka òǹkà. Ó bi Christianah pé, "Ara yín ńkọ́?" kò sì dúró gbọ́ èsì, nítorí pé ó fẹ́ wọn apá.

Ọládọ̀tun wọlé ní aago méje. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó kí ìyá rẹ̀, ó kí ìyàwó rẹ̀ tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀, ó wo ètè rẹ̀ tó ṣì wú, ó sì jókòó ti tábìlì láìbọ́ bàtà. Tósìn ti fi láfún òwúrọ̀ sọnù, ó se ìrẹsì ọ̀fadà, ó fi ẹja sí i, ó bù ú fún gbogbo wọn.

"Kò ní lọ," ni Christianah wí.

Kò tíì fọwọ́ kan ìrẹsì rẹ̀.

"Ta ni kò ní lọ?"

"Tósìn."

"Ìyá Tósìn, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n ṣe fún ọ kò dáa. Ṣùgbọ́n ìwọ lara rẹ kọ ìbọ̀wọ́ náà, kì í ṣe òun. Mátírọ̀nù wọ̀ ọ́ fún ọgbọ̀n ọdún. Àbúrò Tósìn méjì wà nílé ẹ̀kọ́. Kí la ó jẹ, ká máa jẹ ìbínú?"

Christianah ti àwo rẹ̀ síwájú.

"Mo ní kí la ó jẹ?"

"Ó kúkú fẹ́ lọ," ni Ìyá Ọyatọ́lá dá sí i láti orí àga rẹ̀. "Ọmọ tó bá fẹ́ ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ má dá a dúró."

"Mo fẹ́ lọ, Màámi," ni Tósìn wí wẹ́rẹ́. "Ẹ jẹ́ kí n lọ."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń wò ó. Ohun tó rẹ̀ ẹ́ kò lórúkọ. Bí ẹni pé ẹnìkan ti fi ìbọ̀wọ́ wọ gbogbo ara rẹ̀, kò sí ohun tó ń kan awọ mọ́. Ó mi orí pé kó máa lọ. Ọládọ̀tun mí kanlẹ̀, ó bu ìrẹsì sẹ́nu.

"Ó yá, súnmọ́ mi kí n sọ bí wàá ti máa ṣe é," ni Christianah wí fún ọmọ rẹ̀. "Bí o bá bọ́ ìbọ̀wọ́, fọ ọwọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ìyẹ̀fun má gbẹ sí i. Má fi ìpara olóròóró sí i kó o tó wọ̀ ọ́, òróró a máa fa oje rẹ̀ jáde. Má fi ọwọ́ tó wọ̀ ọ́ nu ojú. Bí ó bá sì ti yún ọ, ọjọ́ náà gan-an, kì í ṣe ọjọ́ kejì, wá sọ fún mi. Èmi fi pamọ́ fún oṣù mẹ́ta. Má ṣe bí èmi. Ṣé o gbọ́?"

Tósìn ń fi ṣíbí tú ìrẹsì rẹ̀ ká.

"Tósìn?"

Ọmọ náà gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó ń wo àwo rẹ̀.

"Ó ti ń yún mi, Màámi."

Ọládọ̀tun gbé ṣíbí tirẹ̀ kalẹ̀.

"Láti ìgbà tí wọ́n rán wa lọ kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù. Bí mo bá wọ̀ ọ́ fún wákàtí kan, á lé ròrò dé ibí." Ó fa apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi ìka hàn wọ́n lórí apá, níbi tí kò sí nǹkan kan lálẹ́ ọjọ́ náà. "Ó máa ń lọ bí mo bá bọ́ ọ. Lẹ́ẹ̀kan, imú mi dí. Mo rò pé bí mo bá rọ́jú, ó máa mọ́ mi lára."

"O ò sì sọ," ni Ọládọ̀tun wí.

"Ẹ ti pe Mátírọ̀nù, Dádì. Ẹ ti ní mò ń bọ̀."

Ọládọ̀tun fẹ́ sọ nǹkan kan. Ó wo ìyá rẹ̀, bí ọmọdé tó ń wá ẹni tó máa gbè é. Ìyá Ọyatọ́lá wo ọmọ ọmọ rẹ̀, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó pẹ́ lórí ìyẹn.

"A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, Ọládọ̀tun," ló wí. 

Christianah na ọwọ́ sí fóònù ọkọ rẹ̀ lórí tábìlì. Ọkọ kò dí i. Ìka rẹ̀ kò jẹ́ kó lè tẹ ojú fóònù náà bó ṣe yẹ. Tósìn bá a tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e sí i létí.

"Ẹ kú alẹ́, mà. Christianah ni. Tósìn ò ní lè wá lọ́la, mà. Ara tirẹ̀ náà kọ rọ́bà."

Wọ́n ń gbọ́ ohùn Mátírọ̀nù nínú yàrá náà, ó ń dún tín-ín-rín bí ohùn ẹ̀fọn. Kò bínú. Bóyá ó sàn kó bínú.

"Kò burú, Christy. Ọmọ méjì mìíràn ló ti mú ìwé ìwáṣẹ́ wá lọ́sàn-án yìí. N ó pe ọ̀kan níbẹ̀."

"Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé bí ọwọ́ bá ń yún un…"

Mátírọ̀nù ti pa fóònù.

Tósìn gbé fóònù náà kalẹ̀.

"Kí ló sọ?" ni Ọládọ̀tun bèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbọ́.

"Ó ní ẹlòmíràn ń bọ̀."

Kò sí ẹni tó bèèrè ọmọ ta ni. Tósìn fa àwo ìyá rẹ̀ súnmọ́ra, ó yọ eegun inú ẹja kúrò, ó sì fi ṣíbí bu ìrẹsì sí i lẹ́nu. Christianah ya ẹnu, ó sì jẹ ẹ́.